Ẹbọ yìí, àpò ta ló ti jáde?

Bí ẹ bá ti jókòó rí nínú ìsìn ìkórè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, ẹ ó ti gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ẹbọ tí kò bá dun ni, Ọlọ́run kì í gbà á." Áńgílíkà ń sọ ọ́, Mẹ́tọ́díìsì ń sọ ọ́, aláṣọ funfun ń sọ ọ́, àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn ràgàjì sí etí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn náà ń sọ ọ́. Bó bá ti jáde lẹ́nu oníwàásù, ìjọ á ṣe àmín, ẹni tó ti mú ẹgbẹ̀rún kan náírà sọ́wọ́ á tún ki ọwọ́ bọ àpò, á fi mẹ́rin lé e. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lára débi pé ọ̀pọ̀ wa gbà pé inú Bíbélì ló ti wá.

Kò sí níbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ ni ohun tí Dáfídì sọ nínú 2 Sámúẹ́lì 24:24, pé òun kò ní fi ohun tí òun kò náwó fún rú ẹbọ sísun sí Olúwa Ọlọ́run òun. Ẹsẹ yìí ni wọ́n ń fi gbe gbólóhùn yẹn lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kà á látòkè délẹ̀, torí mi ò rò pé ohun tí wọ́n ń fi ṣe ló ń sọ.

Àjàkálẹ̀ àrùn ń jà ní Ísírẹ́lì lẹ́yìn tí Dáfídì ka iye àwọn èèyàn rẹ̀. Wòlíì Gáàdì wá bá a, ó ní kó lọ tẹ́ pẹpẹ sí ilẹ̀ ìpakà Áráúnà ará Jébúsì. Áráúnà rí ọba tó ń bọ̀, ó jáde, ó dojú bolẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé ọba wá, ó ní kí ọba máa mú gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ilẹ̀ rèé, màlúù rèé fún ẹbọ, ohun èlò ìpakà àti àjàgà rèé fún igi ìdáná. Ọba ni Dáfídì. Bó bá gbà á, ta ni yóò bi í? Àmọ́ ó kọ̀. Ó san àádọ́ta ṣékélì fàdákà kó tó fọwọ́ kan màlúù kankan.

Ẹ wo ohun tó kọ̀ gan-an. Ó kọ̀ láti gba ohun ẹlòmíràn kó wá pè é ní ẹbọ tòun. Kò síbi tí ìwé náà ti sọ pé àádọ́ta ṣékélì dun ọba, kò sì jọ pé ó lè dùn ún púpọ̀. Ẹni tí ìbá dùn ni Áráúnà, ká ní wọ́n fi màlúù rẹ̀ rúbọ, tí ọba sì wá gba ìyìn lórí rẹ̀. Ìbéèrè tó wà nínú ẹsẹ yẹn kì í ṣe "ṣé ó dùn ọ́?" Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé àpò ta ló ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè yẹn wá sílé. Ẹ mú ìyá kan tó ń ta gàrí n'Ìjẹ̀bú-Òde. Mi ò ní dárúkọ, torí irú wọn pọ̀. Àwìn ni gàrí tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó yan án ní abúlé ń retí owó rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Nínú owó tó wà nínú àpò ìbàdí rẹ̀, èrè kò tó nǹkan, owó òwò ló pọ̀ jù. Òun ló sì kó àjọ oṣù tó kọjá, ó kù kó máa dá tirẹ̀ títí yóò fi kan àwọn yòókù. Ọjọ́ Àìkú dé, oníwàásù ní kí ẹni tó bá fẹ́ràn Ọlọ́run tú àpò dànù, ó sì tú u dànù. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ ọjà, ta ló san owó náà? Obìnrin abúlé ni. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àjọ ni. Ọmọ tí wọ́n lé wálé torí owó ilé ìwé ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n bi bóyá ó fẹ́ rúbọ.

Àwọn ará ibòmíràn máa ń fi àwa Ìjẹ̀bú ṣẹ̀fẹ̀ pé a mọ owó kà jù, pé kọ́bọ̀ kan kì í bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwa kan náà ni agbọ̀n ọrẹ ń dé iwájú wa, tí a kì í bi ara wa pé owó ta nìyí.

Jésù alára bá irú rẹ̀ pàdé. Ó wà nínú Máàkù 7, láti ẹsẹ 9 dé 13. Nígbà náà, èèyàn lè fojú kan ohun tí ì bá fi tọ́jú bàbá àti ìyá rẹ̀, kó sọ pé "Kọ́bánì ni," ìyẹn ni pé ó ti di ti Ọlọ́run. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ òfin ò ní jẹ́ kó ṣe ohunkóhun fún àwọn òbí rẹ̀ mọ́. Lójú ará àdúgbò, ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi ìfẹ́ Ọlọ́run hàn gan-an ni. Jésù ò yìn ín rárá. Ó ní wọ́n ti fi àṣà tiwọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán.

Kọ́bánì pọ̀ láàárín wa, orúkọ la ò pè é bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ra àga fún ìjọ, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ̀ sì wà n'Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń pín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lò, ọjọ́ kan ó lò ó, ọjọ́ kejì ó fò ó, kó lè pẹ́ lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Pọ́ọ̀lù le ju àwọn àgbà lọ: nínú 1 Tímótì 5:8, ó ní ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́, ó sì burú ju aláìgbàgbọ́ lọ.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Opó ńkọ́? Opó tó sọ ẹyọ owó kékeré méjì sínú àpótí, tí Jésù sì yìn ín? Òótọ́ ni, Máàkù 12, ẹsẹ 41 dé 44. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka ẹsẹ 40 tó ṣáájú rẹ̀. Níbẹ̀ ni Jésù ti ń bá àwọn akọ̀wé òfin wí, àwọn tó ń gba ilé mọ́ àwọn opó lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń gbàdúrà gígùn kí aráyé lè rí wọn. Ẹnu rẹ̀ kò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn tí opó kan fi wọlé tó wá sọ gbogbo ohun tó ní láti fi gbọ́ bùkátà sínú àpótí. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní tẹ́ńpìlì tí wọ́n dá owó fún náà, kò ní ku òkúta kan lórí èkejì. Ó yìn ọkàn obìnrin náà, mi ò jiyàn. Owó tirẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó lu ìlù sí i létí, kò sẹ́ni tó ní kí àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ ìyanu tò síwájú. Àmọ́ Jésù ò sọ pé kí àwọn opó yòókù lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi opó yìí gbowó, kó kọ́kọ́ ka ẹsẹ 40 sókè ketekete.

Bó bá jẹ́ pé bó ṣe ń dunni tó ni Ọlọ́run fi ń wọn ẹbọ, Léfítíkù 5 kò ní rí bó ṣe rí. Ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀ yóò mú ọ̀dọ́ àgùntàn tàbí ewúrẹ́ wá. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o, kó mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó ìyẹn náà, kó bu ìyẹ̀fun wá. Ìyẹ̀fun! Kó sì máà da òróró sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ìdáríjì kan náà. Tálákà ni àgùntàn ìbá dùn jù, òun gan-an sì ni Ọlọ́run gba àgùntàn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Màríà àti Jósẹ́fù gbé Jésù lọ sí tẹ́ńpìlì, ẹbọ àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó àgùntàn ni wọ́n rú, bí Lúùkù 2:24 ṣe kọ ọ́. Wọn ò yá owó ra àgùntàn kí àwọn ará Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lè rí wọn. Pọ́ọ̀lù náà sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, nínú ìwé kejì 8:12, pé ohun tí èèyàn ní ni a fi ń gba ọrẹ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò ní.

Owó nìkan kọ́ ni à ń fi rúbọ ṣá. Ilẹ̀ wa yìí mọ ẹbọ ara dáadáa. Ní 1918, nígbà tí àrùn fulúù ń pa èèyàn káàkiri, ẹgbẹ́ àdúrà kan bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's n'Ìjẹ̀bú-Òde. J. B. Shadare àti ọ̀dọ́bìnrin kan, Sophia Odunlami, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n kọ oògùn, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀, wọ́n ní àdúrà nìkan tó. Wọ́n tún kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, nígbà tó sì di 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà pátápátá. Ní Rẹ́mọ, Josiah Ositelu, ọmọ Ògèrè, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní 1926 torí ìran tó ń rí, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ ìjọ tirẹ̀ nílùú rẹ̀ ní 1930. Títí di òní, èrò ṣì ń wọ́ lọ sí Òkè Taborar, òkè àdúrà ìjọ náà ní Ògèrè, fún ààwẹ̀ ọjọ́ 13 tó ń parí sí 22 oṣù Ògún, ọdọọdún.

Èèyàn lè má gbà pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ni, èmi náà ò gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pàdánù iṣẹ́ torí ohun tó gbà gbọ́, apá tirẹ̀ ló fi rù ú. Ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ 13, ikùn tirẹ̀ ló fi gbà á. Ibi tí mo ti ń kọminú ni ọ̀rọ̀ oògùn. Bí géńdé bá ní òun ò ní lo oògùn, ara tirẹ̀ nìyẹn. Bó bá ní ọmọ ọdún mẹ́ta tí ibà dè mọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó, ọmọ yẹn ló ń rúbọ, kò sì mọ̀. Bákan náà ni ti ìyá ilé tó ń gbààwẹ̀, tí ọmọ ọ̀dọ̀ kò sinmi látàárọ̀ torí ebi ń pa ìyá, inú sì ń bí i. Aísáyà 58:3 ti sọ ọ́ tipẹ́: lọ́jọ́ ààwẹ̀ yín, ẹ̀ ń ni àwọn òṣìṣẹ́ yín lára.

Ìrora kì í ṣe ẹ̀rí ìfẹ́. Nínú 1 Kọ́ríńtì 13:3, Pọ́ọ̀lù ní bí òun tilẹ̀ fi gbogbo ohun ìní òun bọ́ tálákà, tí òun sì jẹ́ kí wọ́n sun ara òun níná, bí kò bá sí ìfẹ́, èrè kankan kò sí níbẹ̀. Kí ló tún lè dunni ju iná lọ?

Kò wá túmọ̀ sí pé ká jókòó tẹtẹrẹ ká máa fún Ọlọ́run ní ṣẹ́kù. Málákì bá àwọn tó ń mú ẹran afọ́jú àti arọ wá sórí pẹpẹ jà, ó ní kí wọ́n gbé e fún gómìnà wọn wò bóyá yóò gbà á. Ẹni tó ní kó mú èyí tó dára nínú tirẹ̀ wá. Tirẹ̀ ni mo wí.

Ẹbọ kan tiẹ̀ wà tí èèyàn ò lè fi owó olówó rú, bó ti wù kó gbọ́n tó. Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí ni. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kì í kí ara wọn mọ́ torí ilé tí bàbá fi sílẹ̀. Ẹjọ́ wà ní kóòtù, wọ́n ti sún un síwájú títí lọ́yà méjèèjì fi ti di ọ̀rẹ́ ara wọn. Ní ọdún yìí ẹ̀gbọ́n fún ìjọ ní jẹnẹrétọ̀, àlùfáà gbàdúrà fún un, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ká a mọ́lẹ̀ jó. Àbúrò wà lẹ́yìn ìjọ lọ́hùn-ún, ó ń wo ilẹ̀. Mátíù 5:23 àti 24 bá ẹ̀gbọ́n yìí wí tààrà: bó o bá mú ẹ̀bùn rẹ dé ibi pẹpẹ, tó o sì rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ ní nǹkan nínú sí ọ, fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀, lọ bá a làjà ná. Jésù ò ní kó gbé jẹnẹrétọ̀ náà padà sílé o. Ó ní kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó lọ. Kó dé ilé àbúrò, kó kan ilẹ̀kùn, kó sọ pé yàrá méjì ẹ̀yìn yẹn, máa gbé e, ọ̀rọ̀ kóòtù ti tán. Ẹgbẹ́ kankan ò ní jó fún un. Ìyàwó rẹ̀ lè bínú. Àmọ́ àpò tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde, látorí yàrá méjì títí dórí ìgbéraga.

Ẹni tó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ tán ńkọ́, tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìkórè, tí agbára rẹ̀ kò sì ká a? Wọ́n á ka Oníwàásù 5:5 sí i létí, pé ó sàn kéèyàn má jẹ́ ẹ̀jẹ́ ju kó jẹ́ ẹ kó máà san án. Kó rọra dá wọn lóhùn láti Léfítíkù 27. Òfin ẹ̀jẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó wà láàárín 20 ọdún sí 60, àádọ́ta ṣékélì, obìnrin, ọgbọ̀n. Ẹsẹ 8 wá ní bí ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ bá tòṣì ju kó san iye yẹn lọ, kó wá síwájú àlùfáà, kí àlùfáà sì díye lé e bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Torí náà, kó lọ bá àlùfáà ìjọ tàbí wọ́dìn kí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tó pé, kó sọ iye tí ọwọ́ rẹ̀ tó, kí wọ́n fagi lé ti àkọ́kọ́ nínú ìwé, kí wọ́n kọ tuntun. Bí wọ́n bá kọ̀, kó ṣí Bíbélì sí ẹsẹ 8 níwájú wọn.