Ìwé “Kò Ní Ìpalára Ńlá” Kì Í Ṣe Ìwé Àṣẹ

Ní ìlú kékeré kan ní gúúsù Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ̀gbọ́n wa kan mú káàdì kan tí ìjọba ìlú fi ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó wà lórí káàdì náà ni pé ìlú fẹ́ ṣe àtúnṣe sí zoning, ìyẹn òfin ìlò ilẹ̀ tó ń sọ irú ilé àti irú òwò tó lè wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí àwọn drive-through, níbi tí oníbàárà ti ń rajà láìsọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, lè wọ àdúgbò kan tí kò gbà wọ́n láyè tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé àwọn ti ṣe àyẹ̀wò àyíká, àti pé àtúnṣe náà kò ní ìpalára ńlá. Ẹ̀gbọ́n ní, “Wọ́n ti parí ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti fọwọ́ sí i.” Màmá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kò tíì parí, pé bí gbogbo wa bá kọ lẹ́tà, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká yóò dá a dúró.

Ẹnu wọn kò kò, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì gbà: pé àyẹ̀wò àyíká ló ń gbà, òun náà ló sì ń kọ̀. Ìgbàgbọ́ yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fúnra wọn, ó sì tún rọrùn fún àwa tí a ti Nàìjíríà wá, nítorí pé nílé, lábẹ́ òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992, ìwé ẹ̀rí ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká máa ń fún oníṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé ẹ̀rí yẹn la fi ń wo káàdì ti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Òfin tí káàdì náà ti jáde wá ni òfin ìpínlẹ̀ Washington ti ọdún 1971, tí wọ́n ń gé kúrú pè ní SEPA. Ó tẹ̀ lé ti ìjọba àpapọ̀, NEPA, tí Ààrẹ Nixon buwọ́ lù ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970. Ohun tí àwọn òfin wọ̀nyí ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ni pé kí ó mọ ohun tí ìpinnu rẹ̀ yóò fà kí ó tó ṣe ìpinnu náà, kí ó sì kọ ohun tí ó mọ̀ síbi tí aráàlú ti lè kà á. Ẹjọ́ tó là á mọ́lẹ̀ jù lọ nípa NEPA wá láti Washington yìí kan náà. Àwọn kan fẹ́ ṣe ibùdó ìgbafẹ́ fún àwọn tó ń fi ski yọ̀ lórí yìnyín sí òkè Sandy Butte ní àfonífojì Methow, lórí ilẹ̀ igbó ìjọba àpapọ̀, ìwé àyẹ̀wò sì jẹ́wọ́ pé ó lè kó bá àgbọ̀nrín àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, Adájọ́ John Paul Stevens sì kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé òfin náà kò ní kí ìpinnu ìjọba rí báyìí tàbí báyẹn. Bí mo bá ní kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wa, ohun tó wí ni pé ìwà àìmọ̀ ni òfin náà kọ̀, kì í ṣe ìwà àìgbọ́n.

Mi ò ní fi apá kan pamọ́: SEPA lágbára ju NEPA lọ díẹ̀. Ní ọdún 1978, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ Polygon àti ìlú Seattle, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà gbà pé ìlú lè torí ìpalára àyíká kọ̀ láti fún ènìyàn níwèé àṣẹ ìkọ́lé. Ilé gíga kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí òkè Queen Anne ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tó kọ̀. Ìlú ni. Àyẹ̀wò kó ìdí lé ìlú lọ́wọ́, ẹnu ìlú sì ni “rárá” ti jáde.

Kí wá ni àyẹ̀wò náà gan-an? Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́ọ̀mù ni. Orí 16 ló wà nínú apá tó ń béèrè nípa àyíká, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi, ó gba orí ewéko, ẹranko, ilé gbígbé, iná àti ìmọ́lẹ̀ kọjá, ó sì dé orí kẹrìnlá tó jẹ́ ti ìrìnnà ọkọ̀, kí ó tó parí sí ti omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná. Bó bá jẹ́ pé ilé oúnjẹ kan pàtó ni wọ́n fẹ́ kọ́, ìdáhùn á ní iye: ọkọ̀ mélòó lóòjọ́, iná mélòó lórí òpó, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ kọjú síbo. Àtúnṣe òfin kò ní ilé, kò ní òpó iná, kò sì ní ojúlé. Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀mù náà fi ní apá kan, apá D, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ń fẹ́ mọ bí àbá náà ṣe lè mú kí ìdọ̀tí tó ń wọ omi, èéfín tó ń wọ afẹ́fẹ́, májèlé tàbí ariwo pọ̀ sí i. Wọ́n sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń dáhùn pé kí ó fi àwọn òwò tí àbá náà lè bí wé bí nǹkan ìbá ti rí ká ní wọn kò ṣe àtúnṣe náà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn tó ṣe fọ́ọ̀mù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ìdáhùn tí mo máa ń rí nínú apá D kò ju gbólóhùn méjì lọ: pé àtúnṣe òfin nìkan lèyí, kò sí ilé tí yóò jáde nínú rẹ̀ ní tààrà, àti pé wọn yóò yẹ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò nígbà tí ó bá dé. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ìlànà SEPA kan náà dá àwọn ilé kéékèèké sí. Ilé òwò tí ìwọ̀n ilẹ̀ inú rẹ̀ kò bá ju 4,000 square feet lọ, tí ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ kò ju ti ọkọ̀ 20 lọ, kò nílò àyẹ̀wò yìí ní gbogbogbòò, ìlú mìíràn sì tún ti gbé ààlà náà sókè. Ẹni tó bá ti gbé ní Washington mọ ìsọ̀ kọfí tó wà lẹ́bàá títì káàkiri ibẹ̀, tí kò tóbi ju ṣọ́ọ̀bù oní-káàdì fóònù lọ, fèrèsé kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí ọkọ̀ mẹ́wàá á sì tò sí i ní òwúrọ̀. Ìsọ̀ yẹn kò ní í sún mọ́ ààlà náà láé. Nígbà náà, “a ó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá dé” lè túmọ̀ sí pé kò ní sí àyẹ̀wò SEPA kankan mọ́ lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìkọ́lé, ti títì àti ti omi òjò ṣì ń dúró dè é. Èmi gbà pé èyí ni ohun tó yẹ kó máa bí aráàlú nínú, kì í ṣe orúkọ “kò ní ìpalára ńlá” tó wà lórí káàdì.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ kò sọ ohun tí à ń rò pé ó sọ. Nínú ìlànà Washington, ìpalára “ńlá” ni èyí tó ṣeé rò lọ́nà tó mọ́gbọ́n dání pé yóò kọjá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí òṣìṣẹ́ tí òfin fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ bá rí i pé kò dé ibẹ̀, yóò kọ ọ́ pé kò ní ìpalára ńlá. Kò wí pé kò ní ìpalára. Kò sì wí pé àbá náà dára. Bó bá rí i pé ó dé ibẹ̀, wọ́n á ṣe ìwé àyẹ̀wò kíkún, ìwé tó nípọn, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú á kà á, wọ́n sì tún lè dìbò pé kí drive-through wọlé bẹ́ẹ̀ náà. Bákan náà ni ìgbìmọ̀ tó di ìwé “kò ní ìpalára ńlá” mú lọ́wọ́ lè dìbò pé àwọn kò fẹ́, nítorí pé ojú títì náà ò ní dára mọ́, tàbí pé àwọn fẹ́ kí àdúgbò náà jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀. Òfin kò ní kí wọ́n dúró de ìpalára ńlá kí wọ́n tó kọ̀.

Ní ti lẹ́tà tí Màmá ń sọ, ọjọ́ 14 ni ìlànà fi sílẹ̀ fún aráàlú láti fèsì sí irú ìwé yìí. Kì í ṣe ìbò. Igba lẹ́tà tó ní “a kò fẹ́ wọn níbí” kò wúwo tó ọ̀kan ṣoṣo tó ní ọkọ̀ tó ń tò fún kọfí máa ń dé ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń sọdá ní aago méje ààbọ̀, àti pé orí kẹrìnlá nínú fọ́ọ̀mù náà kò mẹ́nu bà á. Irú èyí lè mú kí òṣìṣẹ́ tún ìwé rẹ̀ wò, tàbí kí ó yí i padà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ìbínú ló kún inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dá mi lóhùn.

Ó tún dára kí ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọkọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ìrìnnà kì í ka gbogbo ọkọ̀ tó yà sí drive-through sí ọkọ̀ tuntun, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà lójú títì tẹ́lẹ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n máa ń yọ àwọn wọ̀nyí kúrò nínú ìṣirò, òótọ́ ni wọ́n sì ń ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìlà ọkọ̀. Nǹkan bí 20 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n sábà máa ń ṣírò fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìlà, nítorí náà ọkọ̀ mẹ́wàá ti gba 200 ẹsẹ̀ bàtà, bí ọgbà ilé ìtajà náà kò bá sì gùn tó bẹ́ẹ̀, ìdí ìlà á wà lójú títì. Ní Santa Barbara ní California, ìlà ọkọ̀ tó ń dúró de oúnjẹ ní ilé oúnjẹ Chick-fil-A dí ẹ̀gbẹ́ kan títì State Street títí tí ìgbìmọ̀ ìlú fi ń jíròrò ní ọdún 2022 bóyá kí àwọn kéde rẹ̀ ní ìyọnu fún aráàlú. Ní ti èéfín, àwọn kan ṣì ń sọ pé ó sàn kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìlà ju kí a pa á kí a tún tan án lọ. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ní bó bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, epo tí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró ń jẹ pọ̀ ju ti títún un tàn lọ.

Ibi tí wọ́n ti fòfin de drive-through tuntun, ìbò ìgbìmọ̀ ìlú ló ṣe é. San Luis Obispo ní California ti ṣe é láti ọdún 1982, Minneapolis ní ìpínlẹ̀ Minnesota sì ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fi Minneapolis kan náà já mi, nítorí pé adájọ́ dá ètò ìdàgbàsókè ìlú náà tí wọ́n ń pè ní 2040 dúró ní ọdún 2022 lórí ọ̀rọ̀ àyíká. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ló dá a dúró, ẹjọ́ ni, lábẹ́ òfin Minnesota mìíràn tó fún aráàlú láyè láti pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí àyíká, àríyànjiyàn ibẹ̀ sì dá lórí iye ilé tí ètò náà lè mú wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà yọ irú ètò bẹ́ẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin yẹn.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà, mo wá ní kí wọ́n yí káàdì náà sẹ́yìn. Wọ́n mú awò ojú wọn jáde. Níbẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, ni ọjọ́ ìpàdé ìta gbangba wà, níwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ìlú, èyí tí yóò dá àbá fún ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú kí wọ́n tó dìbò. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀?” Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ó tó, pé bó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé àwọn yóò kọ́kọ́ lọ dúró sí iwájú ìsọ̀ kọfí tó wà lẹ́bàá ilé epo, kí àwọn ka iye ọkọ̀ tó ń tò.