Iná Tó Rí Olúmọ, Tí Kò Rí Kòtò

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Abẹ́òkúta, ẹ ò nílò aago kí ẹ tó mọ̀ pé àwọn ọmọ pawabáìkì ti jáde. Àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà láti ayé baba-ńlá wa á ṣàdédé funfun báláú. Ìyá aláta ní Kútọ̀ á fi ọwọ́ kan bojú, á máa fi èkejì tálẹ̀ wá ṣéńjì. Ẹ má sáré kúnlẹ̀ o, ayé kò tíì parí. Bọ̀ọ̀dá kan ló pààrọ̀ gílóòbù.

Yamaha R6 tòkunbọ̀ á dé, táyà rẹ̀ ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ṣéènì ń sunkún epo, bíréèkì ẹ̀yìn ò mú dáadáa. Iná iwájú ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé lọ bá rewáyà. Kí ni iná ṣe? Wọ́n ní ó la ojú kan, ó di èkejì. "Bọ̀ọ̀dá rewáyà, ojú kan rẹ̀ ti kú o." Ojú kankan ò kú. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Jàpáànù nìyẹn: lórí dímù, ìyẹn iná tó ń wolẹ̀, gílóòbù kan ló ń tàn, bí ẹ bá tẹ fúláìtì, ìyẹn iná tó ń wo ọ̀ọ́kán, méjèèjì á tàn pọ̀. Rewáyà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ rewáyà fẹ́ jẹun. "Ẹ fi sílẹ̀ fún wa, sà, a máa là á lójú." Ó gé wáyà fúláìtì, ó so ó mọ́ ti dímù, ó parí. Láti ọjọ́ náà lọ, dímù ti di ìtàn; fúláìtì ni wọ́n ń gbé láti Lafẹ́nwá dé Ọbáńtokò.

Orí LED ni eré ti pọ̀ jù. Wọ́n kọ "200W" gàdàgbà sára páálí, ọmọkùnrin sì sanwó 200W. Ẹ gbé mítà tì í: ampere méjì péré ló ń fà. Ampere méjì lórí bátìrì volt 12, wáàtì 24 nìyẹn. Ká ní 200W ni lóòótọ́, ampere tó lé ní 16 ni yóò máa fà, fíúùsì 10A ì bá sì ti jó kí ẹ tó rìn jìnnà. Ohun tí mítà kà ni ẹ̀rí pé páálí ń parọ́.

Gílóòbù tó bá máṣìnì wá, ì báà jẹ́ H7 oníwáàtì 55, ì báà jẹ́ H4 tí fúláìtì rẹ̀ jẹ́ wáàtì 60, tí dímù jẹ́ 55, kì í ṣe òmùgọ̀. Irin tíńtín tó ń tàn nínú rẹ̀ ní ojú ibi tó wà, ojú ibẹ̀ ni wọ́n sì wò kí wọ́n tó ṣe awo tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ti H4 tún ní ife irin kékeré lábẹ́ irin dímù, tó ń dí ìmọ́lẹ̀ kó má bàa fò lọ sójú ẹni tó ń bọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fi mìlímítà kan tàbí méjì yẹ̀ kúrò lójú ibẹ̀, á lọ sókè, á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ tí kòtò wà nìkan ni kò ní rántí. Bí wọ́n ṣe ń kì í bọ ihò ló tún burú jù. Ojú méjèèjì LED yẹ kó kọjú sí ọ̀tún àti òsì, ní 3 àti 9 lójú aago. Rewáyà á yí i síbi tó bá ti wọlé, ọ̀kan ń wo ọ̀run, ọ̀kan ń wo ilẹ̀. Ìlú wa sì rèé, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Bí irú máṣìnì bẹ́ẹ̀ bá ń gun Òkè-Ìlewó bọ̀, ó ti rí orí Olúmọ, ó ti ka iye páànù tó ṣí, ihò tó wà níwájú táyà rẹ̀ nìkan ni kò rí. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọn ò tíì bá ẹni tó ń tanná tí kò ríran pàdé.

Fáànù kékeré tó wà ní ìdí LED kì í sì í gba inú rọ́bà tó bo ẹ̀yìn iná. Kí ni ṣíṣe? Ọ̀bẹ. Wọ́n bẹ́ rọ́bà lórí, fáànù yọrí, eruku wọlé. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi lẹ̀ mọ́ gíláàsì nínú, iná olówó ńlá di ìkùukùu. Ẹni tí kò gé rọ́bà ńkọ́? Ooru ò ríbi jáde, LED ràn díẹ̀, ó ṣẹ́jú, ó sùn.

Ti àwọ̀ ni kí n má tiẹ̀ sọ. Nínú xenon, ìyẹn gílóòbù onígáàsì, nítòsí 4,300K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) ni ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó pọ́n díẹ̀, wọ́n ní ó jọ ti ọ̀kadà. Wọ́n gun orí 8,000K, ó ń ṣe búlúù bí aró Ìtòkú, ìmọ́lẹ̀ tó ń kan títì sì ń dínkù. Owó ni wọ́n fi kún un kí wọ́n lè máa ríran díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún lẹ tíńtẹ́ẹ̀dì dúdú mọ́ gíláàsì.

Ẹ wo rewáyà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi eyín bó wáyà, ó tu rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ lọ́ méjì pọ̀, ó fi téèpù dúdú wé e, ó fi eyín kan náà gé téèpù. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ sí i dáadáa, ojú ibẹ̀ á hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé, iná á máa ṣẹ́jú, ọlọ́máṣìnì á ní sítáìlì ni. Àwọn tó gbé gílóòbù 100W sí i, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ń yọ́, súìṣì ọwọ́ wọn ń jó. Bẹ́ẹ̀ rílè kékeré kan, ìyẹn súìṣì tí iná ń tẹ̀ dípò ọwọ́, ni ìbá gba súìṣì náà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní: 30 ń gba iná lórí bátìrì láti inú fíúùsì 15A, 87 ń gbé e lọ sí gílóòbù, wáyà súìṣì àtijọ́ á wọ 86, 85 á kan ara irin. Rílè á gba ẹrù lórí súìṣì. Àmọ́ abẹ́ tánkì ló máa wà. Ta ló máa rí i?

Ohun tí èèyàn máa rí ni pàtàkì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń páàkì sọ́dọ̀ ẹlẹ́sùyà ní Pansẹ́kẹ, ẹ́ńjìnì kú, iná là sílẹ̀. Gílóòbù 55W méjì ń fa bí ampere mẹ́sàn-án. Bátìrì ọ̀pọ̀ máṣìnì 600cc kò ju nǹkan bí 8.6Ah lọ, ìyẹn ampere 8.6 fún wákàtí kan. Wákàtí kan ò ní pé. Kílò tó lé ní 180 ni wọ́n á wá máa tì gun òkè, hẹ́líméẹ̀tì lórí, sùyà lọ́wọ́.

Ti pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú, ti ọlọ́pàá ni. Ẹ gbé e sí i, kí ẹ lọ ṣàlàyé fún wọn.

Ohun tó ń tún iná ṣe gan-an ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ wá ògiri kan níbi tí ilẹ̀ tẹ́jú (èyí ló ṣòro díẹ̀ lọ́dọ̀ wa). Ẹ fẹ́ táyà dé ìwọ̀n, kí ẹni tó ń gùn ún jókòó, kí ẹnìkan di máṣìnì mú ṣánṣán ní mítà 5 sí ògiri. Ẹ wọn bí àárín iná ṣe ga sílẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀ lára ògiri, ẹ fa òmíràn ní sẹ̀ǹtímítà 5 nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tan dímù: orí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ìlà ìsàlẹ̀. Bó bá ga jù, síkúrù wà lẹ́yìn iná, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá máa ń gbé àǹtí sẹ́yìn, ẹ gbé àǹtí jókòó kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí ìdí máṣìnì á lọ sílẹ̀, iná á gbójú sókè. Bó bá sì jẹ́ Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jàpáànù ni tòkunbọ̀ ti wá, tí dímù rẹ̀ gbé igun òsì sókè, síkúrù ò lè tún un ṣe: apá òsì ni wọ́n ń gùn lọ́hùn-ún, ojú ẹni tó ń bọ̀ níhìn-ín ni igun náà ń lọ. Odindi iná náà ni kí ẹ pààrọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í gbé fọ́tò síkúrù sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, rewáyà ò sì lè gbowó lórí ṣọ́ọ̀kì. Ni síkúrù náà ò ṣe tíì mọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí máṣìnì ti wọ Abẹ́òkúta.