Tíì afọnú kì í fọ ọ̀rá Kérésì dànù

Bí Kérésì bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọdún tuntun wọlé, ọ̀rọ̀ tíì afọnú ló máa ń gba orí WhatsApp kan. Wọ́n á ní ká mu ún lálẹ́, pé tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo ìrẹsì àti ẹran tí a jẹ lọ́dún ti bá ìgbẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́yìn Iléyá. Ìgbàgbọ́ yìí ti rinlẹ̀ débi pé àwọn kan kì í kó ara wọn ní ìjánu mọ́ nídìí oúnjẹ ọdún, wọ́n ní oògùn rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí pé owó àwọn èèyàn wa ń bá a lọ, àti ìlera wọn pẹ̀lú.

Ẹ yí páálí tíì náà padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, senna lẹ máa bá níbẹ̀. Ìdílé kan náà ni senna àti asùnwọ̀n tó wà lọ́jà ẹlẹ́wé-ọmọ wa: Senna podocarpa ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe asùnwọ̀n ìbílẹ̀, Senna alata sì ni asùnwọ̀n òyìnbó. Àwọn àgbà mọ iṣẹ́ ewé yìí dáadáa. Ẹni tí inú kún fún, tí ìgbẹ́ gan fún, ni wọ́n ń fún mu, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún un. N kò bá asùnwọ̀n jà. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí àwọn ọlọ́jà gbé lé e lórí, ni mò ń bá jà.

Ibi tí ewé yìí ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara ni kí ẹ fi ọkàn sí. Bí a bá gbé oúnjẹ mì, agbẹ̀du ló kọ́kọ́ gbà á, ẹ̀yìn náà ló bọ́ sínú ìfun kékeré, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6 nínú àgbàlagbà. Níbẹ̀ ni ara ti ń fa ṣúgà inú ìrẹsì àti iyán, òróró inú ọbẹ̀, àti èròjà inú ẹran sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó bá kù, tí kò ju omi àti ṣàǹtí oúnjẹ lọ, ló ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun ńlá. Senna ń gba inú ìfun kékeré kọjá láìṣe nǹkan kan. Ó di ìgbà tó bá dé ìfun ńlá, tí àwọn bakitéríà ibẹ̀ bá tú u palẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí ìfun máa fún, kó sì má jẹ́ kó fa omi padà sára bó ti yẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá mu ún lálẹ́, ó di àárọ̀ kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Jọ̀lọ́ọ̀fù tí ẹ jẹ ti wọ ẹ̀jẹ̀ tipẹ́ nígbà yẹn. Èyí tí ẹ jẹ lọ́jọ́ Kérésì ńkọ́, tó jẹ́ pé ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ inú ọdún tuntun lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu tíì? Ẹ̀pà ò bóró mọ́.

Àwọn dókítà ti yẹ èyí wò. Ní 1983, ìwé ìròyìn ìṣègùn Annals of Internal Medicine gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, níbi tí wọ́n ti wọn iye kálórì, ìyẹn agbára inú oúnjẹ, tó wọ ara àwọn obìnrin tó lo oògùn ayanigbẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìgbẹ́ gbuuru tó jáde tó lítà 4 sí 6, ìyà ńlá sì ni. Síbẹ̀, ìdá 12 péré nínú 100 ló dín kù nínú kálórì tí ara wọn gbà. Ìyókù wọlé ṣinṣin.

Ẹnì kan á sọ pé, "Ṣùgbọ́n mo gun òṣùwọ̀n, kílò méjì ló lọ." Mo gbà á gbọ́. Omi ló lọ, àti ìgbẹ́. Lásìkò ọdún, ara wa máa ń gba omi dúró gan-an. Iyọ̀ àti Maggi inú oúnjẹ àsè wà lára ohun tó ń fà á. Ìkejì ni pé bí a bá jẹ iyán, ìrẹsì, chin-chin, tí a fi mínírà lé e, ara máa ń kó lára ṣúgà rẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, ní ìrísí tí wọ́n ń pè ní glycogen, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì máa ń di omi bíi gíráàmù 3 mọ́ra. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí èèyàn fi kílò 3 kún ara láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Kílò ọ̀rá kan nínú ara tó nǹkan bíi kálórì 7,700. Kí kílò 3 tó lè jẹ́ ọ̀rá pọ́nbélé, ẹni náà ní láti jẹ kálórì 23,100 lé orí èyí tí ara rẹ̀ nílò, bẹ́ẹ̀ èyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílò lóòjọ́ kò ju bíi 2,000 sí 2,500 lọ. Kò sí ikùn tó gba ìyẹn ní ọjọ́ mẹ́ta. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò sì lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí a bá padà sí oúnjẹ ojoojúmọ́ wa, tíì wà o, tíì ò sí o.

Ọ̀rá tó ti di ara wa ńkọ́, ibo ló ń gbà jáde? Imú. Lóṣù Disẹ́ńbà 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown, tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ọsirélíà, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Bí èèyàn bá sun kílò ọ̀rá 10, kílò 8.4 nínú rẹ̀ ń di afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí a ń mí síta, kílò 1.6 tó kù sì ń di omi. Ìdí kọ́ ni ọ̀nà àbájáde rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù nìyí. Ọ̀rá tí ọdún ń fi kún wa kéré, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ lọ. Ní 2000, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 195 ní Amẹ́ríkà. Láti àárín Nòfẹ́ńbà dé àárín Jánúárì, kílò 0.37 ni wọ́n fi wúwo sí i ní ìpíndọ́gba. Wọn kò sì sọ ọ́ nù nígbà tí òtútù lọ tí oòrùn dé. Ẹni tó bá mu tíì yóò sọ omi kílò méjì nù, inú rẹ̀ á dùn, á ní ọdún ti kúrò lára òun. Ìwọ̀nba ọ̀rá yẹn ṣì jókòó síbẹ̀. Ọdún mìíràn á tún fi tirẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò ní yé e bí aṣọ ṣe ń há.

Ohun tó ṣiṣẹ́ kò lówó lórí. Ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí kó èèyàn 272 jọ lásìkò Kérésì, BMJ sì gbé e jáde ní 2018. Wọ́n ní kí apá kan máa gun òṣùwọ̀n, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n fún wọn ní ìmọ̀ràn ráńpẹ́ lórí oúnjẹ, wọ́n sì fi hàn wọ́n bí ìrìn ṣe máa pọ̀ tó kí wọ́n tó lè sun oúnjẹ ọdún kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí fi kílò 0.13 dín kù. Àwọn tí wọn kò ṣe é fi kílò 0.37 kún.

Nílé tiwa, mínírà ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ìgò 50cl kan ní ṣúgà bíi gíráàmù 50 nínú, ìyẹn kóró ṣúgà bíi méjìlá, àwọn ọmọdé sì lè mu mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ẹ gbé omi tútù sórí tábìlì ṣáájú. Òróró náà wà níbẹ̀: ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó kálórì 120, ẹran díndín sì ń mu ún. Ẹ sè ẹ̀fọ́ rírò lọ́pọ̀ lọ́jọ́ ọdún, kí ó má jẹ́ ìrẹsì nìkan. Mo mọ̀ pé oúnjẹ tí àbúrò ìyá ẹni bù kò ṣeé kọ̀. Ẹ gbà á, ẹ jẹ díẹ̀ níwájú wọn, ẹ kí wọn pé "Ẹ ṣeun mà, ọwọ́ yín á máa dùn sí i," kí ẹ ní kí wọ́n bá yín di ìyókù. Inú wọn á dùn. Bí ẹ bá sì ń lọ kí aládùúgbò kẹta sí yín, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín.

Ẹni tó bá ti ń mu tíì yìí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ìgbẹ́ gbuuru máa ń kó pòtásíọ̀mù jáde lára, èròjà yìí sì wà lára ohun tó ń mú kí ọkàn lù bó ti yẹ. Ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń múni tọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ náà ń gbé pòtásíọ̀mù jáde. Obìnrin tó ń lo oògùn oníhóró fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí sì ní láti mọ̀ pé bí inú bá ṣí gidigidi, oògùn náà lè má wọ ara tó.