Àṣà kọ́ ni ẹ̀bùn tí a fi ń ra ìbuwọ́lùwé
Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Òmù-Àrán sọ pé kò sí àléébù nínú gbígbé ẹ̀bùn lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba kí ó tó buwọ́ lu ìwé ẹni, nítorí pé òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀ gba àṣà láyè. Kí wọ́n má bínú, ìdajì ni wọ́n kà. Lóòótọ́ ni Àfikún Karùn-ún Ìwé Òfin ọdún 1999 dárúkọ àṣà, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ẹbí àti ọ̀rẹ́ nìkan ló fi gbà, dé ìwọ̀n tí àṣà mọ̀. Ohun tí a bá sì fún òṣìṣẹ́ níbi ayẹyẹ, ti iléeṣẹ́ tó ṣojú fún ni. Èyí tó bá gbà nítorí ohun tó ṣe tàbí tí kò ṣe lẹ́nu iṣẹ́, èèwọ̀ ni.

Mo ti rí kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti iṣu márùn-ún lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kan, tí fáìlì ẹni tó gbé wọn wá sì fo ti àwọn ìyá tó ti jókòó láti àárọ̀. Àwọn ìyá yẹn náà, ọmọ Ìgbómìnà ni wọ́n, wọ́n mọ àṣà. Ọ̀gá tó fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ ì bá dá ẹrù náà padà lójú gbogbo wọn.