Ṣé géèmù ló kọ́ àwọn Badoo?

Ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn pé géèmù oníjà ló ń sọ ọmọ di apànìyàn, kí ìjọba fòfin dè é. Ṣé géèmù ló kọ́ àwọn Badoo, ẹgbẹ́ apànìyàn tó ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí èèyàn lójú oorun ní Ìkòròdú wa níbí lọ́dún 2017? Wọ́n ń gbá géèmù gan-an ní Japan, síbẹ̀ ìpànìyàn ò wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Sábó ló ń bí mi nínú. Ọmọ ọdún 8, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ń yìnbọn nínú géèmù oníjà GTA V láago mọ́kànlá àárọ̀, nọ́ńbà 18 tó ń sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ò gbọ́dọ̀ gbá a sì hàn kedere lára páálí géèmù náà! Oníṣọ́ọ̀bù ń gbowó, kò tiẹ̀ bi í pé ilé ìwé ńkọ́. Irú wọn ni kí ìjọba mú.