Páálí nọ́fẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá yín, ẹ má dà á nù o

Ókun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi látìgbà tí a ti ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì àǹtí mi ní Kabba, mo dẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. A máa ń náwó sórí ẹ̀bùn gan-an nílẹ̀ wa, àmọ́ a kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ́tí sí ẹni tí a fẹ́ fún. Kí èèyàn ṣáà ti ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó di áńkárá, ó di kúlà, ó di aago ògiri tí wọ́n tẹ fọ́tò sí, nígbà tí àlejò bá fi máa lọ tán kúlà á ti kún yàrá, ẹni tó ni ayẹyẹ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa pín in fún. Kúlà dáa, ó wúlò, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀bùn tó máa wọ èèyàn lára, inú ọ̀rọ̀ tí ẹni yẹn ti ń sọ látọjọ́ tó ti pẹ́ ló máa ń wà, àwa la kàn ń gbọ́ ọ tí a ń kọjá lọ.

Àbúrò màmá mi ni àǹtí mi yìí, tíṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ìtàn ìwé kan lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n wà ní girama ní Ìlọrin, bíi 1981 síbẹ̀, ìgbà yẹn abẹ́ Kwara la ṣì wà, 1991 ni wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀, Mills & Boon (ìwé ìfẹ́ àwọn òyìnbó) ló ń jà rànyìn nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìwé kan ṣoṣo, ìdajì kíláàsì á ti to orúkọ dè é, wọ́n á fi bébà ìwé ìṣirò bò ó kí tíṣà má baà fura. Nígbà tó wá kan àǹtí mi, wọ́n fi òru kà á lábẹ́ aṣọ ìbora, ó ku ojúewé díẹ̀ báyìí kó parí, ni ẹni tó ń ṣọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì bá wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó gba ìwé, ó lọ, wọn ò fojú kan ìwé yẹn mọ́ láyé. Wọn ò dẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀, torí èèpo iwájú ti ya dànù kó tó dé ọwọ́ wọn.

Ohun tí wọ́n rántí ò ju pé nọ́ọ̀sì kan wà ní England, kò lówó, kò rí ara ẹ̀ bí arẹwà, dókítà kan tó jẹ́ ọmọ Holland wá mú un lọ sí ìlú wọn pé kó bá òun tọ́jú ìyá àgbà kan. Dókítà yìí ga, kì í sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti gba ìwé lọ́wọ́ wọn, nọ́ọ̀sì ti di ẹrù ẹ̀, ó ti gbé ológbò ẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó dúró létí omi, ó ń retí ọkọ̀ tó máa gbé e padà sílé. Gbogbo ìgbà tí a bá jọ ń yan ẹ̀wà tàbí tí iná bá lọ tí a jókòó síta, àǹtí mi á tún béèrè pé, "Ṣé ọkùnrin yẹn wá bá a ṣá? Àbí nọ́ọ̀sì yẹn ló yí padà?"

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ pé kí ló le ńbẹ̀, ṣebí ìgbéyàwó ni gbogbo ìwé yẹn ń parí sí. Òótọ́ ni, ó ń parí sí ìgbéyàwó, ẹni tó ń kà á mọ̀ bẹ́ẹ̀ látojúewé kìíní, ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi ń fọkàn balẹ̀ kà á. Àmọ́ ẹni tó ń ka ìwé ìfẹ́ kì í ka pé wọ́n fẹ́ra àbí wọn ò fẹ́ra, ohun tó ń wá ni bí ẹnu ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ṣe wá là níkẹyìn, kí ló sọ, ta ló kọ́kọ́ dá tiẹ̀ dúró. Ìyẹn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí ìwé tí wọ́n gbà yẹn bá jẹ́ tọkùnrin, ká ní ìwé ológun ni tàbí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, mo gbà pé kò sẹ́ni tó máa ní kí ló le ńbẹ̀. Ìwé tí àwọn obìnrin bá ti fẹ́ràn la máa ń ṣe bíi pé kò tó nǹkan, a ní ó ń ba ọmọ jẹ́. Àǹtí mi ní inú ìwé wọ̀nyẹn làwọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yára kàwé, àwọn ọmọ tí wọ́n dẹ̀ kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè yìí, wọ́n pọ̀ káàkiri.

Bí mo ṣe pinnu nìyẹn pé ìwé yẹn ni máa wá, kí àwọn tó kù ra kúlà.

Ẹni tó la ọ̀nà fún mi ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn, mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó já a gbà lẹ́nu mi pé, "Nọ́ọ̀sì, dókítà, Holland? Betty Neels nìyẹn." Obìnrin yìí, nọ́ọ̀sì lòun fúnra ẹ̀, ọmọ Holland ló fẹ́, ìgbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, wọ́n ní ó gbọ́ tí obìnrin kan ń ráhùn nínú láíbìrì pé òun ò rí ìwé ìfẹ́ tó dáa kà, lòun náà bá jókòó tì í. Ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1969, nígbà tó fi máa kú ní 2001 ó ti kọ 134. Inú mi dùn àfi ìgbà tí mo wò ó dáadáa, torí dókítà ará Holland àti nọ́ọ̀sì ló kún inú ìwé wọ̀nyẹn, kékeré kọ́. Kí o mọ òǹkọ̀wé ò tíì jẹ́ kí o mọ ìwé.

Ẹni tó bá fẹ́ wá irú ìwé báyìí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ràn mí lọ́wọ́. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè orúkọ akọni, orúkọ máa ń dà rú mọ́ èèyàn lórí. Ọdún tí ẹni yẹn kà á ni kẹ́ ẹ béèrè, torí ìwé tí wọ́n kà ní 1981 ò lè jẹ́ èyí tó jáde ní 1990, ọ̀pọ̀ ló máa já dànù lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nǹkan kéékèèké tí kò jọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rárá: irú ẹran wo ló wà nínú ẹ̀, àìsàn wo ló ń ṣe ìyá àgbà yẹn, ọkọ̀ wo ni wọ́n wọ̀, òjò ni àbí yìnyín. Ológbò inú apẹ̀rẹ̀ ló bá mi yọ èyí tó pọ̀ kúrò. Ẹ tún mọ̀ pé ìwé kan lè ní orúkọ méjì, torí Harlequin ti Kánádà, àwọn tó ra Mills & Boon ní 1971, máa ń yí orúkọ òmíì padà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Internet Archive, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, dáa fún ìwákiri, àmọ́ àwọn ilé ìtẹ̀wé pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2020, HarperCollins tó ni Harlequin báyìí wà nínú wọn, ìwé tó lé ní 500,000 ni wọ́n ti yọ kúrò lára èyí tí èèyàn lè yá níbẹ̀. Àwọn kan ní kí n kàn ra ti orí fóònù fún wọn. Rárá o. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, bébà ni.

Ó sì yà mí lẹ́nu pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè ṣọ̀wọ́n. Ìdí ẹ̀ ni pé oṣooṣù ni tuntun ń jáde, èyí tí wọn ò bá tà, wọ́n á kó o kúrò lórí pẹpẹ kí tuntun lè ráyè. Ní England, nígbà tí wọ́n ń ṣe títì M6 Toll tí wọ́n ṣí ní 2003, mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ìwé Mills & Boon ni wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n pò mọ́ ọ̀dà kí títì náà lè dì mú dáadáa. Mọ́tò ń gun orí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kọjá lójoojúmọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, àkàrà àti ẹ̀pà la fi wé. Bí màmá kan bá kú, tí àwọn ọmọ bá ń palẹ̀ yàrá mọ́, aṣọ ni wọ́n máa pín, ilẹ̀ ni wọ́n máa jà lé, páálí ìwé á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ṣáná sí i. Ó ń dùn mí.

Ẹ̀gbẹ̀ ni mo ti wá rí i. Mo ju ọ̀rọ̀ náà sínú gírúùpù WhatsApp ìdílé wa, ẹnì kan ní aládùúgbò àwọn kan wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, pé màmá yẹn fẹ́ràn ìwé. Ó bá orí mi mu, torí àwọn nọ́ọ̀sì ló yẹ kó fẹ́ràn ìtàn nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀ dẹ̀ ni ọsibítù míṣọ́nnì àti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wà. (1908 ni òyìnbó míṣọ́nnárì tó ń jẹ́ Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀, ọdún yẹn náà ni Mills àti Boon dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní London, mo fẹ́ràn bó ṣe bọ́ sí ọdún kan náà.) Mo gba Mopa àti Ìsánlú kọjá, mo bá màmá níwájú ilé, mo kí wọn, mo ṣàlàyé, wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn wọlé.

Páálí mílíìkì ni, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, wọ́n fi ọ̀rá di ìwé kọ̀ọ̀kan, káńfọ̀ wà láàárín wọn. Inú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi bírò búlúù kọ orúkọ wọn, oṣù àti ọdún tí wọ́n rà á, àti orúkọ wọ́ọ̀dù tí wọ́n wà nígbà yẹn. Èyí tí mò ń wá, etí bébà ẹ̀ ní àbààwọ́n àwọ̀ àlùkò, màmá ní GV ni, oògùn tí wọ́n fi ń pa egbò, pé nígbà tí àwọn wà ní ẹnu iṣẹ́ òru làwọn ń kà á, wọ́n pè wọ́n lójijì sí ọmọ kan, àwọn ò ráyè nu ọwọ́ kí àwọn tó tún gbé e. Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀. Mo rí etí omi, mo rí ológbò inú apẹ̀rẹ̀. Mi ò ka ibẹ̀ síwájú, mo pa á dé, torí kì í ṣe èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ kà á.

Mo mú owó jáde, màmá ò gbà. Wọ́n ní kí n fi ìwé sílẹ̀ ná, kí àwọn tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, tí àwọn bá parí àwọn á pè mí. Mo ní kò burú. Wọ́n pè mí lóòótọ́.

Mi ò fún àǹtí mi níwájú èrò, torí èèyàn pọ̀, ẹni tó ń pe orúkọ àwọn tó mú ẹ̀bùn wá á kàn sọ pé "ìwé" ni, wọ́n á pàtẹ́wọ́ díẹ̀, wọ́n á kọjá. Ìrọ̀lẹ́ ni, níbi ìdáná, mo nà án sí wọn. Wọ́n wo èèpo iwájú, wọn ò dá a mọ̀, ìgbà wo ni wọ́n rí èèpo iwájú rí. Mo ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn. Gèlè ò tíì kúrò lórí wọn, wọ́n gba awò ojú màmá mi, wọ́n dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìrẹsì, wọ́n ń kà á, ètè wọn ń mì. Àwọn ọmọ ń pè wọ́n pé àlejò ń lọ, wọn ò dáhùn. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún padà sí ojúewé tó ṣáájú. Wọ́n wá pariwo pé, "Òun ló wá o! Òun ló wá bá a!" Màmá mi ní kí ló dé, ta ló wá? Wọ́n kàn dì mọ́ màmá mi ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn.

Wọ́n ti ní kí n má dárúkọ ìwé náà fún ẹnikẹ́ni, pé ó pẹ́ tí àwọn ti ń dúró, kí ó jẹ́ ti àwọn nìkan ná. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Èyí ló wá mú mi kọ gbogbo èyí. Màmá ní Ẹ̀gbẹ̀ tí kò gba owó, àwọn náà ní ìwé kan tí wọ́n ń wá. Pacesetters ni, ti Macmillan, àwọn ìwé pélébé tí àwọn ará Áfíríkà kọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1977. Wọ́n yá ẹnì kan ní Ìsánlú, kò padà. Ìtàn ìfẹ́ ni, ọmọbìnrin tó ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì kan ní Èkó ni, ọ̀gá ẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọkùnrin tó fẹ́ràn gan-an ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ìwé tí ọkùnrin yẹn kọ sí i lọ sọnù. Fọ́tò obìnrin tó wọ aṣọ yẹ́lò ló wà níwájú ẹ̀, wọ́n dá ìyẹn lójú. Ẹni tó bá ní in, tàbí tó mọ orúkọ ẹ̀, kó jọ̀ọ́ wọ inbox mi. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ màmá yín pẹ̀lú, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó bá jẹ́ Ògìdì ló wà, bó bá jẹ́ Ọbájánà, máa wá gbé e fúnra mi, orúkọ màmá yẹn dẹ̀ máa wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú bírò búlúù, ẹ lè fi ìyẹn dá a mọ̀.