Pàṣán Tí Wọ́n Fi Na Ìyálé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ láti Ìwó Road, ọ̀dọ́kùnrin kan ń pariwo pé kí àwọn ṣójà tètè wá gbàjọba, pé àwọn tó gbà á ní Mali, Burkina Faso àti Niger ti fi hàn pé ọkùnrin ni wọ́n. Èrò ọkọ̀ ń kan sáárá sí i. Kò lè ju ọmọ ọdún 25 lọ. Inú bí mi débi pé mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Òwe tó yẹ kí n pa fún un ni mo gbé wá síbí: pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹgba ṣe ń ró lára ìyálé, kò gbójú sókè wo àjà.

Ìyàwó tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, ará Ìráàkì ni. Abdul Salam Arif lorúkọ rẹ̀. Baghdad ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1921. Ó wọ iṣẹ́ ológun, ó wà lára àwọn tó ja ogun Palestine lọ́dún 1948, ó sì gbà gbọ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun ìgbà náà pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ Lárúbáwá, pé abẹ́ àsíá kan ló yẹ kí wọ́n wà. Ìgbàgbọ́ yẹn kò burú. Ọ̀nà tó gbé e gbà ni mo ń bá a jà.

Lọ́jọ́ 14 oṣù keje ọdún 1958, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ rẹ̀ gba Baghdad kọjá lọ sí Jọ́dánì. Wọn ò kọjá. Arif gba ilé rédíò, ohùn rẹ̀ ló sì kéde fún ìlú pé ìjọba ọba ti dópin. Wọ́n yìnbọn pa Ọba Faisal Kejì, ọmọ ọdún 23, pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Ìgboro kún fún ìdùnnú. Abd al-Karim Qasim, ọ̀rẹ́ Arif tó tún jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, di olórí ìjọba. Arif di igbákejì.

Oṣù mẹ́ta kò pé tí ìjà dé. Arif fẹ́ kí Ìráàkì dara pọ̀ mọ́ Íjíbítì àti Síríà lábẹ́ Nasser, ààrẹ Íjíbítì, kíákíá. Qasim ní òun ò lè gba ìlú lọ́wọ́ ọba kí òun tún lọ fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó yọ Arif nípò, ó ní kó lọ ṣe aṣojú ní Jámánì. Nígbà tó padà wálé, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Qasim kò pa á o. Ó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1961.

Lóṣù kejì ọdún 1963, nínú ààwẹ̀ Ramadan, Arif àti ẹgbẹ́ òṣèlú Baath dìde. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yìnbọn pa Qasim, wọ́n sì fi òkú rẹ̀ han gbogbo ìlú lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí! Mo ti ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mẹta, ara mi ṣì ń bù máṣọ.

Arif di ààrẹ. Kí ọdún tó parí, ó lé àwọn Baath tó gbé e dé ibẹ̀. Ó sọ ilé ìfowópamọ́ àtàwọn iléeṣẹ́ ńlá di ti ìjọba lọ́dún 1964, àwọn kan sì yìn ín. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1965 ló fi Arif Abd al-Razzaq, ológun bíi tirẹ̀, ṣe olórí àwọn mínísítà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyẹn fi fẹ́ gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tí ààrẹ wà nípàdé àwọn olórí Lárúbáwá ní Mòrókò. Àṣírí tú. Lóṣù kẹrin ọdún 1966, hẹlikọ́pítà já lulẹ̀ pẹ̀lú ààrẹ nítòsí Basra, ó sì kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Abdul Rahman, jókòó sórí àga, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 17 oṣù keje ọdún 1968, àwọn ológun tó ń ṣọ́ ọ gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún Baath. Nayif, ọ̀gá ológun tó wà nídìí ọ̀tẹ̀ náà pẹ̀lú wọn, ṣe olórí àwọn mínísítà fún ọ̀sẹ̀ méjì péré kí àwọn Baath tó lé e. Ọdún 1978 ni wọ́n yìnbọn pa á ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ lè ní Baghdad jìnnà. Àbúrò bàbá mi jó títí ilẹ̀ fi ṣú nígbà tí ṣójà lé Shagari lọ lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983. Ó ra ọtí fún àdúgbò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ibùdókọ̀, ṣójà kan ní kò tò dáadáa sórí ìlà. Ó ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó sì ń fi kòbókò lù ú lẹ́yìn, níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ló sọ fún wa lẹ́yìn tó kú.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ, kì í fepo para kó lọ jókòó sídìí iná. Ìwọ ọmọ yìí, epo lò ń fi para! Mo mọ̀ pé ebi wà nílùú, ó ń pa èmi náà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń jí ìbò. Ṣùgbọ́n olóṣèlú tó bá bà ọ́ nínú jẹ́, o lè bú u lórí rédíò, o lè gbé e lọ sílé ẹjọ́, o lè kọ̀ ọ́ lọ́dún mẹ́rin. Ta ni wàá kọ̀ nígbà tí ìbọn bá wà lórí tábìlì? Lọ gba káàdì ìdìbò rẹ. Dúró ti ìbò rẹ títí wọn ó fi kà á tán. Béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ ohun tójú wọn rí kí o tó ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ ṣójà yẹn, má tún jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ mọ́.